Ẹran Tó Kọjá Ìlà Búlúù

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Jẹ́jẹ́ kò fẹ́ kí ènìyàn dúró lẹ́yìn òun. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ a wà lórí gíláàsì, etí rẹ̀ a wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọdún méjìlélógún ló ti lò nínú láàbù ilé ìwòsàn náà. Kò kàwé lọ títí. Ìwé mẹ́fà ló kà, ilẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń gbá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ọwọ́ yẹn ló gbé e kúrò nídìí ìgbálẹ̀ dé ìdí bíléèdì, òun náà sì mọ̀ pé bí ọwọ́ yẹn bá já òun kulẹ̀, kò sí ohun mìíràn tí òun ní.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Bí wọ́n bá gé kókó jẹjẹrẹ kúrò lára ènìyàn, wọn a rì í sínú ìda gbígbóná. Ìda náà a dì, a wá dà bí ọṣẹ kékeré tí ẹran há sí láàárín. Bàbá Jẹ́jẹ́ a rẹ́ ẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, a sì tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Wọn a pa ọ̀kan láró kí ojú lè rí i. Dókítà àgbà kan, obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá Bírò, a wo èyí tí wọ́n pa láró, a sì fi bírò búlúù fa ìlà yí ibi tí jẹjẹrẹ wà ká. Ohun tó wà nínú ìlà, jẹjẹrẹ ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ìlà, ẹran àlàáfíà ni, ọ̀rá àti ara tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá Jẹ́jẹ́ a wá gbé àwọn gíláàsì yòókù lé orí èyí tó ní ìlà, lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi bíléèdì ha ohun tó wà nínú ìlà nìkan sínú ìgò kan tí kò ju ọmọ ìka lọ. Ìgò yẹn ló ń lọ sí yàrá kejì, lọ́dọ̀ Ìyá Ẹ̀rọ.

Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe kò yé Bàbá Jẹ́jẹ́ fún bí ọdún kan. Ó ń bẹ̀rù láti béèrè, kí wọ́n má bàa sọ pé alágbálẹ̀ ṣì ni. Ìyá Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló là á yé e lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ dúró.

"Ẹ wò ó, Bàbá Jẹ́jẹ́. Jíìnì ni ìtọ́ni tí wọ́n bí mọ́ wa, ó wà nínú gbogbo ara wa láti orí dé èékánná. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn ń pariwo, òmíràn ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, òmíràn sùn fọnfọn. Nínú jẹjẹrẹ kan, àwọn tó ń sọ pé 'ẹ máa pọ̀ sí i, ẹ máa pọ̀ sí i,' ariwo wọn á máa dún bí ọjà tó kún. Nínú òmíràn, wọ́n rọra ń kùn ni. Ẹ̀rọ mi ń tẹ́tí sí bí ogún nínú wọn, ó wá ń fún jẹjẹrẹ náà ní máàkì, láti òdo dé ọgọ́rùn-ún."

"Máàkì," ló wí.

"Máàkì ni. Ẹni tí tirẹ̀ kéré, àrùn rẹ̀ kò jọ èyí tó máa padà wá. Ẹni tó bá kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ká yáa fún un ní oògùn líle, èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe aríran o. Ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ má fi ẹran àlàáfíà kún ìgò fún mi. Ẹran àlàáfíà kì í pariwo. Bó bá pọ̀ níbẹ̀, á bo ariwo jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ á wá ní ewu kò sí níbi tí ewu wà."

Ó gbọ́ ọ. Ó sì ti pa á mọ́ láti ọjọ́ náà, bí ẹni pa ẹyin mọ́.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù. Oníbúrẹ́dì ni. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, ó lẹ́nu, ó lágbára, ọwọ́ ló sì fi ń po ìyẹ̀fun, kò gbà kí ẹ̀rọ pò ó fún òun. Ó ní ẹ̀rọ kò mọ ìgbà tí ìyẹ̀fun bá ti ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n rí kókó lọ́yàn rẹ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, tí dókítà rẹ̀ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi kókó náà wá máàkì kó tó mọ irú oògùn tí òun máa fún un, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò bẹ̀rù irun jíjá. Irun kì í po búrẹ́dì. Obìnrin kan ládùúgbò wa gba oògùn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri, ó ní bí òun bá di abẹ́rẹ́ mú, òun ò mọ̀ pé òun di nǹkan mú. Ìyẹn ni mo ń bẹ̀rù. Ìdúró yìí náà sì ń pa mí. Bí wọ́n bá tún ní kí n padà wá fún nǹkan kan, mi ò lọ mọ́."

"Má... má sọ bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó mú ìwé tó bá ìda kan wá, ó rí orúkọ àbúrò rẹ̀ lórí rẹ̀. Ó wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Òfin láàbù kò ṣòroó mọ̀. Bí nǹkan ẹbí ẹni bá dé orí tábìlì ẹni, kí a gbé e fún ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tó máa ń fi èjìká há fóònù mọ́ etí, tí á máa rẹ́ ẹran, tí á sì máa bá ìyàwó rẹ̀ jà. Bàbá Jẹ́jẹ́ wò ó. Ọkùnrin náà ń sọ pé, "Ṣé èmi ni mo ní kí o pè wọ́n ni? Dá mi lóhùn!" ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ lórí abẹ.

Bàbá Jẹ́jẹ́ sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọmọ ìyá mi kọ́ lo máa fi ìjà ilé rẹ rẹ́." Ó da ojú ìwé náà dé.

Kókó náà kò tóbi, inú ìda kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, wọ́n sì ti rẹ́ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò mìíràn. Bàbá Jẹ́jẹ́ rẹ́ ẹ sórí gíláàsì mẹ́fà. Ìlà búlúù Ọ̀gá Bírò kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó ha èkíní, ó ha èkejì, ó ha títí dé ẹ̀kẹta, ó gbé ìgò náà sókè sí iná. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ohun tí eṣinṣin fi sílẹ̀ lójú fèrèsé.

Kò ní tó. Ó ti rí èyí tí kò tó rí. Ìyá Ẹ̀rọ a kọ "kò tó" sórí ìwé, ìwé a padà sọ́dọ̀ dókítà, wọn a tún pe aláìsàn, ọ̀sẹ̀ a gun ọ̀sẹ̀. Ó rántí ohùn àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Mi ò lọ mọ́.

Ìlà kì í ṣe odi. Bírò lásán ni. Lórí gíláàsì kẹrin, bíléèdì rẹ̀ kọjá ìlà ní ìwọ̀n irun orí kan. Lórí ìkarùn-ún, ó kọjá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, ó ti ń ha ọ̀rá, ó mọ̀ pé ọ̀rá ni, ó sì ń sọ lábẹ́ èémí pé, "Díẹ̀ sí i, kó lè tó, kó ṣáà lè tó." Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Nígbà tó padà rò ó, ìyẹn ló dùn ún jù, pé ọwọ́ náà kò tilẹ̀ kìlọ̀ fún un.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó yà ní ilé búrẹ́dì. Èrò ti kún ẹnu tábìlì. Bí àbúrò rẹ̀ ṣe rí i, ó pariwo.

"Ẹ yàgò fún ẹ̀gbọ́n mi! Bọ̀ọ̀dá mi, dókítà pè mí lálẹ́ àná. Mẹ́tàlélógún!"

"Mẹ́ta..."

"Mẹ́tàlélógún! Ẹ rántí ìgbà tí mo gba mẹ́tàlélógún nínú ìṣirò, tí ẹ fi ìwé mi pamọ́ sábẹ́ ẹní kí Bàbá má bàa nà mí? Lónìí, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́ nítorí ẹ̀!"

Obìnrin kan tó ń ra búrẹ́dì dá sí i. "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin nìkan ni mo rí tó fèèlì tó sì ń jó."

"Ẹ jẹ́ n jó! Oògùn líle yẹn, ó di ọwọ́ ẹlòmíràn. Hóró oògùn kékeré kan lójúmọ́, ó parí. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbà, gbígbóná ni."

Ó já búrẹ́dì lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bù ú sẹ́nu. Mẹ́tàlélógún. Méjì péré ló fi dín sí ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

"Ó dára," ló wí. "Ó... ó dára gan-an."

"Ojú yín kò jọ ojú ẹni tí nǹkan dára fún," ni àbúrò rẹ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí oníbàárà.

Nígbà tó dé láàbù, ó rìn kọjá ẹnu ọ̀nà Ìyá Ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé.

"Mo fẹ́... mo fẹ́ béèrè nǹkan. Bí ẹran àlàáfíà bá wọ ìgò, díẹ̀, báwo ni máàkì á ṣe lọ sílẹ̀ tó?"

"Ó dọwọ́ bó bá ṣe pọ̀ tó. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ mẹ́jọ. Kí ló dé?"

"Kò sí."

"Bàbá Jẹ́jẹ́, ojú yín rí bí ojú ẹni tó jí ẹran inú ọbẹ̀ mú."

Ìyá Ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín, òun náà fi eyín hàn, ó jáde.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Gbogbo gíláàsì tí wọ́n bá ti ha, inú àwo kan ni wọ́n ń tò wọ́n sí lórí pẹpẹ, tó bá di ọjọ́ Ẹtì kejì, wọn a kó wọn dànù. Gíláàsì mẹ́fà àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ojú ibi tí bíléèdì ti kọjá hàn gbangba lórí mẹ́ta nínú wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé wọn lé ìlà búlúù lórí á rí i pé ibi tó ha náà tú kọjá ìlà bí ẹ̀kọ tó hó kún. Kò sì sẹ́ni tó máa gbé wọn lé e. Kí ó ṣáà dákẹ́ di ọ̀la, ó tán. Iṣẹ́ rẹ̀ á dúró, orúkọ rẹ̀ á dúró, àbúrò rẹ̀ á máa jó.

Ó jókòó tì wọ́n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ohun tí òun kún un kò tó nǹkan. Bóyá mẹ́rìnlélógún ni. Lẹ́yìn náà ló rántí "ó lè jẹ́ mẹ́jọ," ó sì rí i lójú ara rẹ̀ bí ọdún mẹ́ta ṣe máa kọjá, tí àrùn náà á padà wá jókòó sínú egungun àbúrò rẹ̀, tí wọ́n á máa sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, tí òun á sì wà níbẹ̀, tí òun á máa bá wọn ṣe àmín. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ ni àgbà ń wí. Ṣùgbọ́n tara ẹlòmíràn ni òun fẹ́ dákẹ́ pa yìí.

Ó gbé àwo náà lọ bá Ọ̀gá Bírò.

Obìnrin náà gbà á. Ó gbé gíláàsì kan lé orí ìlà, ó wò ó. Ó gbé èkejì. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ni obìnrin yìí jẹ́ sí yín, Bàbá Jẹ́jẹ́?"

"Àbúrò mi ni, Ọ̀gá. Ọmọ ìyá mi."

"Ẹ mọ̀ pé kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn án."

"Mo mọ̀. Mo rò pé... mo rò pé ọwọ́ tèmi ló máa tọ́jú rẹ̀ jù. Ó sì dà bíi pé kò ní tó."

"Bí kò bá tó, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ pé kò tó! 'Kò tó' náà, ìdáhùn ni, a ó mọ ohun tí a máa ṣe sí i. Èyí tí ẹ ṣe yìí kì í ṣe ìdáhùn. Irọ́ tó wọ aṣọ ìdáhùn ni." Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó sì tún wálẹ̀. "Ọdún mélòó ni mo ti ń fi yín kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í to gíláàsì náà padà sínú àwo. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ká ní ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ níwọ̀n ni, ì bá ti gbé e fún ọkùnrin oní-fóònù.

Ọkùnrin oní-fóònù náà ni wọ́n ní kó rẹ́ ohun tó kù nínú ìda. Ó gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ́ ẹ dáadáa, kò sí àbùkù kan. Bàbá Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè lọ. Wọ́n pa á láró. Ọ̀gá Bírò wò ó fún ìgbà pípẹ́ lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá.

"Jẹjẹrẹ inú rẹ̀ ti tán," ló wí. "Ọ̀rá ló kù, àti ojú àpá."

"Kí wá ni máàkì rẹ̀, Ọ̀gá?"

"Kò ní máàkì."

"Ó ṣì lè jẹ́ mẹ́tàlélógún náà?"

"Ó lè jẹ́."

"Ó lè jẹ́ ọgbọ̀n?"

"Ó lè jẹ́. Ẹ má bi mí mọ́. Jẹjẹrẹ yẹn ti sọ tirẹ̀ tán, ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò ní tún un sọ."

Bàbá Jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fúnra òun sọ ọ́ fún àbúrò òun. Obìnrin náà wo aago. Ó ní tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òun á sọ fún dókítà àbúrò rẹ̀, dókítà náà á sì pè é.

Àbúrò rẹ̀ ń fi òróró pa páànù nígbà tó dé. Òun nìkan ló wà nínú ilé búrẹ́dì, ààrò ti ń tutù. Bàbá Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ ní ìdajì ìdajì. Ó sọ nípa ìlà, ó sọ nípa ìgò, ó padà sọ́dọ̀ ìlà. Ọwọ́ obìnrin náà kò dúró. Páànù kan náà ló ń pa lóróró títí, tí òróró fi ń kán sílẹ̀.

"Mẹ́tàlélógún mi ńkọ́?" ló bi í níkẹyìn.

"Kò sí mọ́."

"Kò sí mọ́. Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí kò bá tó, wọ́n á tún ní kí o padà wá. O ní o ò ní lọ."

"Mo ní mi ò ní lọ! Ṣé ẹnu mi lẹ ò mọ̀ ni? Láti kékeré ni mo ti ń sọ pé mi ò ní lọ, ìgbà wo ni mi ò lọ rí?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ mú àkísà, ó ń nu òróró tó kán sílẹ̀.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n?"

"Èmi nìkan ni. Ọ̀la ni wọn ì bá da gíláàsì náà nù."

"Ẹ ò bá ti dákẹ́."

"Bí mo bá dákẹ́, tó sì..."

"Ǹ bá sùn!" Ó ju páànù náà sílẹ̀. "Àná ni mo sùn, láti oṣù mẹ́rin. Oorun alẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ fún mi ní ayọ̀ tí kì í ṣe tèmi, mo fi jó lójú gbogbo ayé, ẹ tún wá gbà á lójú ọjọ́ kan. Ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Ó ń lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, fóònù obìnrin náà dún lórí tábìlì. Aago mẹ́fà ti lù.

Dókítà rẹ̀ ní nígbà tí kò ti sí máàkì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì tíì pọ̀, kò ní dáa kí wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn líle náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó bì, ó rù, irun rẹ̀ lọ. Irun padà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò padà. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọrùn ọwọ́ ti ara ààrò gbígbóná, òórùn awọ tó ń jóná ló sọ fún un. Ó gba obìnrin kan tó ń bá a po ìyẹ̀fun, òun a dúró tì í, a máa bi í pé, "Ṣé ó ti ń dáhùn?" Obìnrin náà a ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ kò fọwọ́ kan bíléèdì mọ́. Gíláàsì ni wọ́n ní kó máa fọ̀. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, a yà láti bá àbúrò rẹ̀ gbé àpò ìyẹ̀fun wọlé. Àbúrò rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kò sì lé e. Bó ṣe ń wo alágbàrù ló ń wò ó. "Bọ̀ọ̀dá mi" ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn oògùn náà, àbúrò rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọn kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Obìnrin tó ń bá a po ìyẹ̀fun ló sọ fún Bàbá Jẹ́jẹ́. Ó gbé àpò tó wà léjìká rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sún mọ́ àbúrò rẹ̀ díẹ̀, kò sún mọ́ ọn jù.

"Mo gbọ́... mo gbọ́ pé wọn ò rí nǹkan kan. Ọpẹ́ ni."

"Ọpẹ́ ta?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ gbọn ìyẹ̀fun kúrò léjìká.

"Mò ń bi yín ni. Ṣé oògùn yẹn ló lé e lọ? Àbí kò ní padà tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, tí mo kàn fi ọwọ́ mi ṣòfò? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní láàbù, ẹ sọ fún mi."

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ẹnì kan mọ̀ ọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò rí i." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ìyẹ̀fun kúrò lójú, kò sì mọ̀ pé ó ṣì kù. "Bí kò bá padà wá, mi ò ní mọ ẹni tí mo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n bó bá padà, mo ti mọ ẹni tí mo máa bú."

"Bú mi báyìí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Má dúró dìgbà yẹn."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́."

Ó yíjú sí ààrò. Àpò mẹ́ta ló ṣì kù níta. Bàbá Jẹ́jẹ́ lọ gbé èyí tó sún mọ́ ọn.